Ọjọ́ tí Wọ́tà Pọ́ǹpù Dá Wa Dúró ní Ìbafò

Ní àárọ̀ Àlàmísì kan lọ́dún 2004, àbúrò mi Yésúfù pè mí láti Ìfọ̀ pé màmá wa ti dákẹ́. Mùsùlùmí ni màmá. Èmi nìkan ni mo di onígbàgbọ́ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Tí mi ò bá tètè dé, wọn á ti sin màmá kí n tó rí ojú wọn.

Mówè ni mò ń gbé nígbà náà. Mo gbé Ìyá Kúlúsúmù, àbúrò màmá tó wà lọ́dọ̀ wa, sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ mi, torí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè gun bọ́ọ̀sì. A ò tíì la Ìbafò kọjá tí èéfín funfun fi bo ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí omi ń dà yàà lábẹ́ ọkọ̀.

Àwọn tó ń kọjá bá mi tì í dé ọ̀dọ̀ Ògúnlàdé, mẹkáníìkì ará Ìsẹ́yìn kan. Mo gbọ́ pé ilé ti kún ibẹ̀ báyìí. Igbó ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà yẹn, ẹyẹ sì ń ké níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

“Wọ́tà pọ́ǹpù ti kú, Dádì,” ló wí. “Ẹ má sítáàtì ẹ̀ mọ́ o, àfi tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì.”

Ó gun ọ̀kadà lọ wá pọ́ǹpù mìíràn. Kò tíì dé tí fóònù mi fi dún. Yésúfù ni.

“Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ dé?”

“Sàngó Ọ̀tà,” ni mo dáhùn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nígbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ délé dóko. Ibi tó yẹ kéèyàn wà ló máa ń sọ, kì í ṣe ibi tó wà.

Ìyá Kúlúsúmù wò mí láti ẹ̀yìn ọkọ̀. “Sàngó? Ṣé ẹnu lo fi ń wa mọ́tò ni?”

Ògúnlàdé dé, ó tú bẹ́líìtì, ó tú pọ́ǹpù. Nọ́ọ̀tì kan kán sínú ẹ́ńjìnnì. Ó lù ú, ó gbẹ́ ẹ, òógùn ń kán sórí irin. Ìgbà tó wá yọ tán, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ pọ́ǹpù tuntun.

“Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó gbẹ.”

“Da omi sí i báyìí!”

“Á tún jò, Dádì. Ẹ ò ní kọjá Bẹ́gà.”

Fóònù tún dún. Yésúfù ní àwọn ti wẹ màmá tán. “Ṣé ẹ ti sún mọ́lé?”

“Mo ti ń wọ Ìfọ̀.”

“Sọ òótọ́ fún ọmọ yẹn,” Ìyá Kúlúsúmù pariwo. Mo ti pa fóònù.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí Ìfọ̀, aago mẹ́rin ku díẹ̀. Erùpẹ̀ tútù ni mo bá. Yésúfù ń ṣan ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.

“Ẹ̀gbọ́n, àwọn ááfà bi mí pé ṣé kí wọ́n sún ìsìnkú di ìrun láásárì. Ká ní ẹ sọ pé ẹ ṣì jìnnà ni, ǹ bá ní kí wọ́n sún un. Ẹ ní ẹ ti ń wọ Ìfọ̀. A gbé wọn jáde, a dúró nínú oòrùn fún wákàtí kan. Nígbà tó yá, àwọn ẹbí ní ẹ̀ ń sá fún ìsìnkú Mùsùlùmí ni, la bá sin wọ́n.”

“Yésúfù, mọ́tò ló—”

“Ẹ ní Sàngó lẹ wà.”

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun láásárì. Ìyá Kúlúsúmù ti bọ́ bàtà, wọ́n ti rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.

“Jókòó ti màmá ẹ,” ni wọ́n wí fún mi.

Mo jókòó.