Albert Ọ̀ṣuntóyìn Sáré Jáde Nínú Ẹgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú Albert Ọ̀ṣuntóyìn rí lọ́wọ́ eré sísá ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1986.

Wolé-wolé tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá láyé: kó di Gíwá, olórí regbérégbé wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n jọ bí yín lẹ jọ ń ṣẹgbẹ́ títí dọjọ́ alẹ́. Ṣíjúadé, tó ń fi ọ̀pá rìn, náà ń wá ipò ọ̀hún. Oṣù méjì ló kù kí wọ́n yan èèyàn.

Ni dókítà kan bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò: "Ẹ sáré àsápajúdé fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi, ẹ tún sá a. Ara tó ti ń gbó á tún le."

Albert ní, "Ó tán! Ta ni ò ní fẹ́ Gíwá tára ẹ̀ le?"

Láràárọ̀, ó di ọ̀nà Ìjagun tòun ti ṣòkòtò péńpé. Láti òpó iná kan sí èkejì, fìììì! Á dúró, á mí hẹlẹhẹlẹ, á tún ki eré mọ́lẹ̀. Ewúrẹ́ ń yà fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, irun ẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, eyín mẹ́ta tó ti yọ tún hù. Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n kí Matilda ìyàwó ẹ̀ lọ́jà: "Mọ́mì, ọmọ yín yìí mà ti dàgbà o!"

Matilda figbe ta. "Bàbá Bọ́lánlé, ẹ fi eré yìí sílẹ̀, kí n má baà pọ̀n yín!"

Ọjọ́ ìpàdé pé. Albert wọ gbọ̀ngàn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ṣíjúadé nawọ́ ọ̀pá sí i: "Ọmọ dáadáa, bá wa to àga."

"Ṣíjúadé, èmi Albert nìyí o!"

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀! Orúkọ mi lò ń pè mọ́ mi lórí?"

George, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní kí wọ́n dán an wò. "Lọ́jọ́ tí òṣùpá bo oòrùn ní 1947, tí ọ̀sán dòru, níbo lo wà?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá mi. Èmi àti Ṣíjúadé, géńdé méjì. Òun ló ń sunkún jù."

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Ṣíjúadé nìkan ni ò rẹ́rìn-ín.

George ní, "Albert ni, kò sáríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí bí ọmọ ogún ọdún ò lè ṣe Gíwá àwa àgbà. Kó lọ ṣẹgbẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀."

Wọ́n fi Ṣíjúadé jẹ Gíwá. Albert to àga mọ́kànlélógójì.

Ìbànújẹ́ gbé e délé. Ó jókòó sábẹ́ igi furúùtù, kò sáré mọ́, kò tiẹ̀ rìn. Ìkọ́kọrẹ́ ni Matilda ń gbé fún un láàárọ̀ lálẹ́. Díẹ̀díẹ̀, ewú padà, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún lọ.

Ó fi oṣù mẹ́ta jókòó síbẹ̀, kò mọ ohun tó ń lọ nígboro. Àṣé eyín yẹn ti wọ àwọn àgbà lójú! Bí ìpàdé ṣe tú, kálukú wá ṣòkòtò péńpé. Ṣíjúadé ló kọ́kọ́ ju ọ̀pá nù. Lọ́nà Ayépé, lọ́nà Odògbolú, kìkì bàbá ló ń sáré.

Nígbà tí Albert tún rọra wọ gbọ̀ngàn, kò bá àgbà kankan níbẹ̀. Ogójì ọ̀dọ́mọkùnrin dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. George tó ti di ọmọ ogún ọdún wo ìwé ìpàdé, ó họrí. "Àwa náà la kúkú sọ ọ́. Ọ̀dọ́ ò lè ṣe Gíwá. Ẹ̀yin ló kù, sà."

Albert tún agbádá ẹ̀ ṣe, ó jókòó.

Ṣíjúadé gbé àga méjì lọ́wọ́, ó dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni kí n gbé e sí?"

Albert nawọ́ sí i.

"Ọmọ dáadáa," ló ní, "abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."