Ọjọ́ Tí Tíṣà Afọlábí Ju Ayé Sílẹ̀

Olúwa fún Tíṣà Afọlábí ní ìmọ̀ díẹ̀, ó sì fún un ní ẹnu púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ọ̀ràn bá ti bàjẹ́ tán.

Ní ìparí ọdún 1957, asọ̀rọ̀mágbèsì kéde pé àwọn ará Rọ́ṣíà ti ju òṣùpá kékeré kan sí òfurufú, ó sì ń yí ayé po. Gbogbo Ìwó ń sọ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Afọlábí kò lè pa ẹnu mọ́ níwájú kíláàsì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ó ní kì í ṣe òṣùpá Rọ́ṣíà nìkan ló ń yípo. Ayé tí a wà lórí rẹ̀ yìí gan-an ń yí oòrùn po, àgùàlà náà ń yí i po, kò sì sí òpó kankan lábẹ́ wọn.

Kí wọ́n tó kọ orin ìparí, ọ̀rọ̀ náà ti dé etí Díákónì Adéyẹmọ. Díákónì yìí ni bàbá Lydia, Lydia sì ni Afọlábí fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n ti ń múra ìdána lọ́wọ́. Bàbá ránṣẹ́ sí i: "Ẹni tó sọ pé ayé kò dúró lórí nǹkan kan, orí kí ni yóò gbé ọmọ mi lé? Kó wá fi hàn mí lójúkojú ní Sátidé. Bí kò bá rí i fi hàn, kó má bèèrè Lydia mọ́."

Ohun tí Afọlábí kà nínú ìwé ni pé ayé fẹ́ sáré lọ tààrà, oòrùn kò gbà. Òòfà rẹ̀ ń fa ayé mọ́ra láìdẹwọ́. Bí ayé ṣe ń sáré, tí oòrùn sì ń fà á, ni ọ̀nà rẹ̀ fi ń tẹ̀ títí tó fi di yíyípo. Bí eré náà bá dá, ayé yóò já sínú oòrùn. Bí òòfà bá dá, yóò fò lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ó yé e dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàlàyé rẹ̀ níwájú dígí, ojú ara rẹ̀ tó wà nínú dígí kò gbà á gbọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó dé ilé Díákónì. Bàbá wà ní yàrá, wọ́n ń gbàdúrà. Afọlábí yá garawa kékeré tí wọ́n fi ń fa omi kànga, ó bu omi sí i dé ìdajì, ó di okùn rẹ̀ mú.

Rájí, àgbẹ̀ Mùsùlùmí tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, fara ti ògiri.

"Tíṣà, ṣé o fẹ́ wẹ̀ ni?"

"Ẹ fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ mi yìí ni oòrùn. Garawa yìí ni ayé. Okùn yìí ni òòfà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọ̀run kò ṣeé fojú rí."

"Omi ńkọ́?"

"Òkun ni."

"Àwa èèyàn ńkọ́? Níbo la wà?"

Lydia dáhùn láti ẹnu ọ̀nà: "Inú omi náà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa lúwẹ̀ẹ́."

Afọlábí bẹ̀rẹ̀ sí í fì garawa náà yípo lókè orí rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò dà.

"Súbúhánáláhì!" ni Rájí wí.

Inú Afọlábí dùn ju bó ti yẹ lọ. Ó túbọ̀ fi agbára kún un. Ó ń ro ìdána, ó ń ro ohun tí wọn yóò máa sọ nípa ọgbọ́n rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, àní títí dé Olúpọ̀nnà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Díákónì jáde.

Láti kékeré ni ìyá Afọlábí ti fi pàṣán kọ́ ọ pé bí àgbà bá ti yọ, kó nà gbalaja. Ìwé tó kà kò wẹ ìyẹn kúrò lára rẹ̀. Kó tó ronú, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣí, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán sà!"

Garawa kò yípo mọ́. Tààrà ló lọ, bí ìwé ṣe wí, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Díákónì kọjá, ó lu ògiri ilé ìdáná gbàù. Omi inú rẹ̀ ni kò bá a dé ọ̀hún. Ara Díákónì ló dà sí, láti orí fìlà dé bàtà.

Afọlábí kò gbórí sókè. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú erùpẹ̀: "Afọlábí, ọ̀mọ̀wé! Láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni oòrùn kò ti ju ayé sílẹ̀. Ìwọ kò lè dì í mú títí bàbá kan yóò fi jókòó."

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?" Bàbá ló bèèrè, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Bí oòrùn bá jù ú sílẹ̀, tààrà ni yóò lọ."

"Ta ni kì í jẹ́ kó jù ú sílẹ̀?"

"Olúwa ni sà."

"A dúpẹ́ pé kì í ṣe ìwọ."

Rájí bú sẹ́rìn-ín. Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n fún omi ara rẹ̀ dànù.

"Kí ló dé tí o fi jù ú sílẹ̀?"

"Mo rí yín ni, sà. Mo ní láti kí yín."

Bàbá tún gbé fìlà náà lé orí.

"Ti pé ayé ń yípo yẹn, n kò tíì gbà. Orí rẹ̀ ni mo dúró sí, n kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ju ayé àti òkun sílẹ̀ nítorí àtikí bàbá ìyàwó rẹ̀..." Wọ́n sín. "Lydia, mú aṣọ gbígbẹ wá. Kí o sì sọ fún ìyá rẹ kó máa bá ètò ìdána lọ."

Inú Afọlábí dùn, ó tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

"Ẹ dá a dúró!" ni Rájí kígbe. "Ẹ kọ́kọ́ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò, bóyá ó tún di nǹkan mú!"