Ẹni Àáró Kì Í Dúró De Ìpè

Bí oṣù Keje bá ti wọlé lọ́dọọdún, Tudur á di ẹrù rẹ̀ ní ìlú ńlá Kádíìfù, á sì wá sinmi lọ́dọ̀ Eirwen, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní àfonífojì Hesgin. Olùkọ́ orin ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Bó bá ti bọ́ bàtà báyìí, á gbé àga síta, á kọjú sí odò, á mí kanlẹ̀, á sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun gbọ́ bí gbogbo ibẹ̀ ṣe pa lọ́lọ́. Eirwen á dákẹ́ kó má baà bà á lọ́kàn jẹ́, nítorí òun kì í gbọ́ ìpalọ́lọ́ kankan. Odò ń sọ tirẹ̀, àgùntàn ń ké lókè, àwọn ẹyẹ ìwò ń bú ara wọn lórí igi, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin Hefin, aládùúgbò wọn, sì ń gbin bọ̀ láti oko rẹ̀ ní Blaen-nant. Ẹni tó bá fẹ́ ìpalọ́lọ́ ní Hesgin, àfi kó fi òwú di etí.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nǹkan kan dákẹ́ nínú ilé náà lóòótọ́. Arthen, ọkọ Eirwen, ti sùn nínú Olúwa kí Kérésìmesì tó dé. Inú òjò ni wọ́n ti sin ín ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì Hermoni, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orin ìsìnkú náà sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn gbàgbé láti ṣí agboòrùn. Ọlọ́run kò fún àwọn méjèèjì lọ́mọ. Eirwen nìkan ló kù, àti Mot, ajá Arthen, tí kò gbé etí sókè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àgùntàn wọn wà lórí òkè níbi tí kò sí ọgbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n rẹ́ irun wọn kí ooru tó dá wọn lágara. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè kó wọn wálẹ̀. Ní Hesgin, ẹnikẹ́ni kì í gba alágbàṣe sí irú iṣẹ́ yẹn. Oko kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, àwọn ará oko yòókù á sì wá, tèèyàn tajá. Bó bá kan ẹlòmíràn, ìwọ náà á lọ. Àáró ni, bí àwọn bàbá wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnì kan kì í pe ẹnì kan. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ọjọ́ Hafod, oko Eirwen, gbogbo àfonífojì ló sì mọ̀.

Ohun tó ń jẹ Eirwen lọ́kàn kò ju èyí lọ: òógùn ni wọ́n fi ń san àáró, ọkọ tó ń bá a san án kò sì sí mọ́. Nígbà ìrúwé, tí gbogbo wọn ń ran ara wọn lọ́wọ́ nídìí àgùntàn tó ń bímọ, ìbànújẹ́ ti dè é mọ́lé, kò dé oko ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ wo ló kù fún un? Bí Gídíónì ṣe tẹ́ irun àgùntàn sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run kí ìrì lè jẹ́ àmì fún un, bẹ́ẹ̀ ni òun náà tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Bí wọ́n bá wá lọ́jọ́rú, òun á dúró ní Hafod títí Olúwa yóò fi pe òun. Bí wọn ò bá wá, òun á ta àwọn àgùntàn lọ́jà oṣù Kẹsàn-án, òun á sì tẹ̀ lé Tudur lọ sílùú. Ìgbà tí wọ́n ń mu tíì lọ́jọ́ tí Tudur dé ló sọ ọ́ fún un. Tudur mi orí, ó sì bu bọ́tà sórí búrẹ́dì rẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Tudur mú fìlà, ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó padà, inú rẹ̀ dùn, ó sì jẹun bí ẹni tó roko.

Kò pẹ́ tí Nesta, ìyàwó Hefin, fi dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹyin. Ó gbé e sórí tábìlì, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Àǹtí, àbúrò yín wá sílé wa láàárọ̀. Ó bọ́ fìlà."

Eirwen béèrè ohun tó ń wá.

"Ó bẹ̀ wá pé ká jọ̀wọ́ wá bá yín kó àgùntàn lọ́jọ́rú. Ó tiẹ̀ dá aago fún wa. Hefin ò tíì jẹun láti ìgbà yẹn. Ó ní ta ló sọ fún un pé alágbàṣe lòun."

Nesta ní Tudur ti dé ọ̀dọ̀ Iolo àgbà pẹ̀lú, ní oko tó wà lókè odò. Iolo gbọ́ ọ tán, ó sì bi í bóyá ó tún fẹ́ rán òun létí pé ọjọ́ ìsinmi ni Sọ́ńdè.

Nígbà tí Nesta lọ tán, Eirwen rò ó pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó bá Tudur nídìí odò, ó sì dúró níwájú àga rẹ̀ títí ó fi gbójú sókè, ó wá bi í pé kí ló lọ bẹ àwọn èèyàn fún.

Tudur ní ẹnu lòun fi bẹ̀ wọ́n, òun ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n rẹ́rìn-ín sí òun. Ó ní nílùú, béèyàn bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ńṣe ló ń sọ.

"Ọ̀wẹ̀ là ń bẹ̀, Tudur. Ta ló ń bẹ àáró? O fi hàn wọ́n pé mo rò pé wọn ò ní wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò rò bẹ́ẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Eirwen lára. Ó jókòó sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo rò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá wá lọ́jọ́rú, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n wá bá tàbí ìwọ ni wọ́n dá lóhùn? O ti fi ọwọ́ ara rẹ bu omi sórí irun àgùntàn mi."

Tudur dìde. Ó gbé àga rẹ̀ wọlé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Eirwen ku ìyẹ̀fun sórí tábìlì láti se oúnjẹ de ọjọ́ kejì, nítorí pé wọ́n wá o, pé wọn ò wá o, a kì í bá tábìlì Hafod lófìfo lọ́jọ́ irun. Tudur dúró lẹ́nu géètì, ó ń wo ojú ọ̀nà bíi pé Ọjọ́rú ti dé, ó ń ro bó ṣe máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ.

Mot dìde. Ó gbé etí kan sókè, ó gbé ìkejì. Kò wo ojú ọ̀nà, ẹ̀yìn ilé ló ń wò.

Eirwen gbọ́ súfèé. Ó jáde tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó sì rí i tí òkè ń rìn. Àgùntàn funfun ń ya wálẹ̀ láàárín ewéko bí wàrà tó hó kọjá ẹnu ìkòkò. Hefin wà lápá òsì lórí alùpùpù rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin Iolo wà lápá ọ̀tún, ajá ń sáré sókè sódò. Láti ìhà kejì òkè ni wọ́n ti gùn ún ní ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó jí ní Hafod.

Nígbà tí àgùntàn tó kẹ́yìn wọ inú agbo, Hefin sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ nu ojú.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọjọ́rú ni wọ́n pè wá, a ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Ìyẹn la ṣe wá lónìí tí ẹnikẹ́ni ò pè wá."

Eirwen wo ìyẹ̀fun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní oúnjẹ ò tíì sí nílé.

"Kí lẹ rò pé mo gbé ẹyin wá fún lánàá?" ni Nesta wí, bó ṣe ń gbé agbọ̀n búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìdáná. Ilé mẹ́ta ló ti ń se oúnjẹ láti alẹ́.

Iolo àgbà rí Tudur níbi tó ṣì dúró sí lẹ́nu géètì.

"Olùkọ́, ojú ọ̀nà lò ń wò? Ṣé ìyá rẹ ò kọ́ ọ ní sáàmù ni? Òkè là ń gbójú sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ajá fi gbó. Tudur bọ́ fìlà láti tọrọ àforíjì, Hefin gba fìlà náà, ó gbé e kọ́ sórí òpó, ó sì ní iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Inú àpò ńlá tí wọ́n ń ki irun sí ni wọ́n jù ú sí, kó máa fi ẹsẹ̀ tẹ irun náà mọ́lẹ̀. Orí rẹ̀ nìkan ló hàn. Bí ẹ̀rọ ìrẹ́run ṣe ń dún ni wọ́n ní kó dá orin, ó sì dá a láti inú àpò, wọ́n ń gbè é. Lọ́sàn-án, Iolo gbàdúrà sórí oúnjẹ títí tíì fi tutù, ó dúpẹ́ fún ayé Arthen, kò sì sí ẹni tó ráhùn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Hefin kò sọ ju pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Blaen-nant. Ní ìdájí, Eirwen ki òwú irun àgùntàn sínú bàtà Arthen kó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ó sì so okùn rẹ̀. Tudur yọjú láti orí ibùsùn, ara rẹ̀ ṣì ń ro ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n pè yín ni?"

"Sùn, alápò," ni Eirwen wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣílẹ̀kùn.

Lórí òkè, Hefin rí i tó ń bọ̀ tòun ti Mot. Kò kí i káàbọ̀, nítorí a kì í kí ẹni tó wá síbi tirẹ̀. Ó kàn na ọwọ́ sí apá òsì níbi tí òkúta pọ̀ sí, tí Arthen máa ń mú.

Eirwen forí lé ibẹ̀. Ìrì ti sẹ̀ sórí gbogbo koríko, ṣùgbọ́n inú bàtà náà gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó súfèé, Mot sì sáré lọ.