Ìwé Kẹwàá

Bírò pupa ni Ọ̀gá Àgbà fi fa ìlà lé ìwé kẹwàá lórí. Kò fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya, ó wá jù ú síwájú Ìyá Oníwèé bí ẹni ju egungun sájá.

"Ẹ tún un kọ," ló wí. "Mẹ́sàn-án ti tó."

Ìyá Oníwèé ni gbogbo ọmọ ogun ojú omi tó wà ní ibùdó náà ń pè é. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń tọ́jú yàrá ìkàwé wọn, yàrá gígùn kan létí èbúté, tí iyọ̀ òkun ti jẹ irin fèrèsé rẹ̀ di pupa. Lọ́dọọdún, òun ló ń kọ orúkọ ìwé mẹ́wàá jáde, ìwé ogun ojú omi àti ìtàn àwọn jagunjagun, tí ọmọ ogun gbọ́dọ̀ kà. Èyí tó bá bọ́ sínú mẹ́wàá, wọ́n á dì í sínú àpótí, á bá ọkọ̀ ogun lọ. Èyí tí kò bá bọ́ síbẹ̀, ó di ará ilé nìyẹn, kò ní í fojú kan agbami.

"Mẹ́wàá ni òfin wí, sà," ló dáhùn.

"Ẹ wá òmíràn fi dípò. Ìwé ẹni tó ṣẹ́gun ni ọmọ ogun ń kà, kì í ṣe ìwé ẹni tó ń sunkún."

"Ẹni tó kú níbẹ̀ kò lè kọ̀wé, sà. Ẹni tó sunkún ló kù tó ròyìn."

Akọ̀wé Ọ̀gá wà lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, ó gbá fáìlì mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó rẹ́rìn-ín ìyangì. "Ìyá, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ìwé ọkọ yín ni. Ta ló máa ń sọ pé ọbẹ̀ ìyá òun ò dùn?"

Òótọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ tó dolóògbé lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn ló kọ ọ́, ojú ewé méjìlélógójì péré, ó tínrín bí ẹnu ọ̀bẹ. Òṣìṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ọkùnrin náà nínú ọkọ̀ ogun kan tí bọ́ǹbù ọ̀tá bà. Iná ràn nísàlẹ̀. Ọ̀gá kékeré kan tó wà lókè pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn irin kí iná má bàa gòkè. Wọ́n tì í, èèyàn mẹ́rin sì wà lábẹ́. Ọkọ Ìyá Oníwèé nìkan ló fi igbá àyà wọ́ gba ihò atẹ́gùn jáde. Gbogbo ohun tí ìwé rẹ̀ ń wí kò ju gbólóhùn kan lọ: ka èèyàn rẹ kó o tó ti ilẹ̀kùn. Ó fi í ṣorin, ó sì tẹ orin náà sẹ́yìn ìwé:

Kà wá o, kó o tó tilẹ̀kùn,
Ọ̀gá òkè, kà wá o;
Bá a bá pé, kó o tì í gbọn-in,
Bá ò bá pé, dúró dè wá o.

Obìnrin náà kì í mọ ìgbà tí orin yìí ń bọ́ sí i lẹ́nu. Ó ń gbálẹ̀, ó ń kọ ọ́. Ó ń nu eruku, ó ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ọ̀gá Àgbà yìí wá, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti ránṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n dẹ́kun ariwo ní yàrá ìkàwé. Ìdákọ̀ró ni àwọn ọmọ ogun ń pe Ọ̀gá yìí lẹ́yìn, torí ibi tó bá jókòó sí, nǹkan kan kì í lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìdákọ̀ró náà na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó fa ìwé ńlá kan yọ. Ìwé tirẹ̀ ni, ojú ewé ẹgbẹ̀rin, àwòrán òun fúnra rẹ̀ lára èèpo. Òun ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́wàá. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ sí.

"Ẹ wò ó. Òǹtẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Òǹtẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀dà méjìlá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sùn lórí pẹpẹ lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé ti ọkọ yín rí bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ kan ru sókè nínú Ìyá Oníwèé, ó há a lọ́fun bí eegun ẹja. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà fún ogójì èèyàn ní bárékè. Àràárọ̀ Mọ́ńdè sì ni wọ́n ń yẹ aṣọ wò. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ kò bá gún, yóò fọ ilẹ̀ èbúté títí oòrùn fi máa wọ̀. Nítorí náà, tó bá ti di Jímọ̀, bíi ti òní, wọn á wá yá ìwé Ọ̀gá. Wọn á wọ́n omi sára ṣòkòtò, wọn á ká a, wọn á fi pákó sí i, wọn á gbé ìwé náà lé e. Tó bá di Mọ́ńdè, ṣòkòtò á gún débi pé èèyàn lè fi gé búrẹ́dì. Áyọ́ọ̀nù náà ni wọ́n ń pe ìwé ọ̀hún. Láti ojú ewé ọgbọ̀n lọ sísàlẹ̀, bébà rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn bó ṣe ti ilé ìtẹ̀wé dé. Kò sí ọmọ aráyé tó ṣí i rí.

Gbólóhùn kan péré, ọkùnrin yìí á dìhòòhò lójú Akọ̀wé rẹ̀. Ó dùn lẹ́nu bí oyin. Ó gbé e mì ná.

"Ti ọkọ mi, epo ẹ́ńjìnnì ló wà létí rẹ̀, sà," ló wí. "Ẹni tó ń kà á kì í dúró fọwọ́. Lọ́dún tó kọjá tí èéfín sọ nínú ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n kà kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ó dín ẹnì kan. Wọ́n lọ fà á jáde láàyè. Ẹ bi wọ́n ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ."

Ojú Ọ̀gá yí padà. Ọ̀wọ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ náà bá a lọ.

"Ta ni ọ̀gá kékeré inú ìwé yẹn?"

"Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, sà."

"Ìwọ ni mò ń bi. Ta ni?"

"Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, sà. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ọ̀gá fi ọwọ́ lu tábìlì, páàdì òǹtẹ̀ fò. "Ìwọ obìnrin yìí, kí lo mọ̀ nípa ogun? Iná yẹn ì bá jó gbogbo wa pa. Ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wà lórí ọkọ̀ yẹn."

Akọ̀wé gbọ́ "wa" náà. Ẹ̀rín gbẹ lójú rẹ̀, ó wá ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ojú ewé ogójì, sà," ni Ìyá Oníwèé wí jẹ́jẹ́. "Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tọ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó ní kíkà ni wọn ò kà. Ẹ kà á."

"Mi ò ní í kà á. Oṣù mélòó ló kù kó o fẹ̀yìn tì?"

"Mẹ́jọ."

"Mo lè ní kó o máa fi mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ka garawa ọ̀dà ní sítọ̀. Tẹ òǹtẹ̀ ẹ síbí. Kó o sì kó ìràǹrán yẹn kúrò lórí pẹpẹ kí agogo mẹ́rin tó lù. Ẹ̀dà mẹ́jọ. Akọ̀wé á wá wò ó."

"Ipò kẹwàá wá ńkọ́, sà?" ni Akọ̀wé bi í.

"Fi apá kejì ìwé mi síbẹ̀."

"Ẹ ò tíì kọ ọ́ tán, sà."

"Mo ní kó o fi síbẹ̀."

Ìyá Oníwèé la ẹnu. Kò ní í gbé e mì mọ́. Kí wọ́n gbé òun lọ síbi garawa ọ̀dà, kí òun ṣáà ti sọ ọ́. Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, tí ọmọbìnrin ọmọ ogun kan já wọlé, tó rí Ọ̀gá, tó wá nàró bí òpó iná.

"Kí lo wá ṣe?" ni Ọ̀gá bi í.

"Mo wá yá... mo wá yá ìwé yín ni, sà."

Àyà Ọ̀gá fẹ̀. "Kí lo fẹ́ràn jù níbẹ̀?"

Ọmọ náà ronú. "Ó wúwo, sà."

"Ìmọ̀ ló wúwo bẹ́ẹ̀. O ṣeun. Ibo ni wọ́n fi ọ́ sí?"

"Ìdí ẹ́ńjìnnì, sà. Ọjọ́ Túsìdeè la máa gbéra lọ sójú agbami."

Ìyá Oníwèé wo ọmọ náà, ó wo ìwé gbàǹgbà tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ẹnu tó là, ó pa á dé. Ó fa òǹtẹ̀ sún mọ́ ara rẹ̀.

"Padà wá lágogo mẹ́ta, ọmọ mi," ló wí. "Mo fẹ́ nu eruku ara àwọn ìwé náà."

Ó wá tẹ òǹtẹ̀ sórí bébà tí wọ́n fi bírò pupa bà jẹ́, ó fọwọ́ sí i. Ọ̀gá mú un, ó jáde láìwẹ̀yìn. Akọ̀wé yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ rí i báyìí, Ìyá. Ẹ̀ bá ti gbà látàárọ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́," ló fèsì.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà dé, ó gba Áyọ́ọ̀nù rẹ̀, ó gbé e yẹ̀wò. "Ìyá, ó wú láàárín. Kò ní í jẹ́ kí ṣòkòtò mi gún."

"Yọ ohun tó wà níbẹ̀ kó o tó gbé e lé e. Omi ṣòkòtò á pẹ́ kó tó gbẹ. Jókòó tì í, kó o ka èyí tó o yọ. Kò gùn."

"Tí mo bá kà á tán ńkọ́?"

"Fún ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́."

Ọmọ náà lọ. Méjì mìíràn wọlé, lẹ́yìn náà ẹnì kan, lẹ́yìn náà mẹ́rin pa pọ̀, Áyọ́ọ̀nù ni gbogbo wọn wá yá.

Agogo mẹ́rin lù, Akọ̀wé dé. Ó wo pẹpẹ látòkè délẹ̀. Ó ní kí Ìyá Oníwèé ṣí báàgì rẹ̀. Agboòrùn àti abọ́ oúnjẹ tó ti ṣófo ló bá níbẹ̀.

"Ẹ̀dà mẹ́jọ náà dà?"

"Ọ̀gá ní kí n kó wọn kúrò lórí pẹpẹ. Ṣé ẹ rí ọ̀kan níbẹ̀?"

Ó tún wò ó, ó pòṣé, ó lọ.

Ìyá Oníwèé gbé báàgì kọ́ èjìká, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó dúró, ó yíjú padà sí pẹpẹ ìwé Ọ̀gá. Mẹ́rin ló kù nínú méjìlá. Ó na ìka sí àyè tó ṣófo, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Mẹ́jọ ni. Wọ́n pé.

Ó wá ti ilẹ̀kùn.