Omi Wàláà

"Màmá, kí ni Bàbá mu láàárọ̀ yìí?"

Dókítà Akínwálé ló yọrí láti yàrá àyẹ̀wò. Ọkàn Nàfísàt, tó ń dúró de ọkọ rẹ̀ lóde, já. Inú rírun báyìí náà ni jẹjẹrẹ fi bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, òun ló sì pa á.

"Kò mu nǹkan kan o. Ẹ ní kó má jẹ, kó má mu."

"Mo ti ki rọ́bà oníná yẹn bọ ọ̀fun rẹ̀ láti wo inú ikùn. Nǹkan dúdú ni mo rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré."

"Dúdú bíi tàdáwà tí wọ́n fi ń kọ wàláà?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an."

"Yéè! Hàǹtú ni! Èmi ni mo fọ wàláà, tí mo gbé omi rẹ̀ fún un lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Dókítà, àdúà mà ni hàǹtú! Ta ní í ka àdúà mọ́ oúnjẹ?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ilẹ̀kùn. "Màmá, ikùn ò mọ̀yàtọ̀ o. Ẹ padà wá lọ́la. Kò gbọdọ̀ mu hàǹtú, kò gbọdọ̀ mu omi sámúsámù."

Ní ọjọ́ kejì, Nàfísàt jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ife hàǹtú tó dé dáadáa lé ẹsẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á là gààrà. Nígbà tó yá, wọ́n pè é wọlé. Ọkọ rẹ̀, Àfáà Ọ̀ṣẹ́nì, tó ń kọ́ ọmọ kéwú lẹ́bàá Ọjà-Ọba, ti jókòó, ó ń nu ẹnu.

"Ojú ọgbẹ́ kan ni mo rí, níbi tí ìfun ti bẹ̀rẹ̀," Dókítà wí. "Ọ́lísà ni. Jẹjẹrẹ kọ́. Oògùn á wò ó."

"Àlùhámúdù lílàhi!" Omijé bọ́ lójú Nàfísàt, kò tiẹ̀ nù ún.

Ohùn Àfáà ha. "Wọ́n ní ààwẹ̀ ló ń fà á."

"Oògùn orúnkún tí ẹ ń gbé mì lójoojúmọ́ ni mo fura sí, Bàbá. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, olówó àti tálákà. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọ̀fun yín tí oògùn àyẹ̀wò mú kú tipiri bá ti jí, ẹ lè mu hàǹtú yín."

Wọ́n jókòó síta títí ọ̀fun Àfáà fi jí. Nàfísàt kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife fún un. Àfáà gbà á, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ètè Nàfísàt ti gbẹ, ó ti ń bó.

"Nàfísàt, o ti jẹun láti alẹ́?"

"Ẹ̀yin ò jẹ, èmi ó wá jẹ?"

Àfáà dá ife náà padà sí i lọ́wọ́.

"Bìsìmílà," ó wí. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mu."