Kalaba Inú Àgò Eku

Ẹni tó bá rí Rachelle níbi tó ti ń bá eku sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀, ní ẹsẹ̀ òkè Ìdáàṣà, á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Yunifásítì tó ti ń ṣèwádìí kò ní àyè fún àwọn eku funfun rẹ̀, ló bá kó wọn wálé. Ìyá rẹ̀ kò jà. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, kí ló máa fi eku jà sí?

Sandrine, àbúrò Rachelle, kú lórí ìkúnlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Dókítà ní kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ni ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Fréjus ọkọ rẹ̀ búra pé òun ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, pé ó sì ń lò ó. Irọ́ ni, ni Rachelle wí. Ahun ọkùnrin! Ojú gbogbo ẹbí ló ti pè é ní apànìyàn lọ́jọ́ ìsìnkú, tí wọ́n sì lé e kúrò nídìí pósí ìyàwó rẹ̀ bí ẹni lé ajá. Láti ọjọ́ náà ni Rachelle ti ń wá ohun tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ háwọ́ lè sè mu kó má baà kú. Ewé ọkà bàbà ló gbójú lé. Irin, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ kún, pọ̀ nínú ewé náà, ìrètí Rachelle sì ni pé irin náà á wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi oúnjẹ tí kò ní irin bọ́ àwọn eku náà títí etí wọn fi funfun báláú. Lẹ́yìn náà ló wá ń fún wọn ní omi ewé. Bí irin bá wọlé, etí á pọ́n padà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, etí ò pọ́n. Ó lọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ọsibítù gan-an mọ́ oúnjẹ àwọn kan. Pàbó! Kò rí oorun sùn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tètè ti ọjà Glazoué dé, ó sì bá ìyá rẹ̀ lóòró nídìí àgò, tó ń rún nǹkan funfun sí àwọn eku lẹ́nu.

"Màmá, kí lẹ ń fún wọn?"

"Kalaba ni." Amọ̀ tí àwọn aboyún ń jẹ bí ẹni jẹ ẹ̀pà nìyẹn. "Wọ́n ń yọ ẹnu jáde, wọ́n ń lá ògiri, ìwọ ò rí i ni? Mo mọ irú ebi yẹn. Ara wọn ló ń bèèrè amọ̀. Tó o bá ti jáde ni mo máa ń fún wọn, torí ìbínú rẹ."

"Yéè! Màmá, ẹ ti pa mí!" Rachelle ká ọwọ́ lérí. "Amọ̀ yẹn ló ń di irin mú nínú ikùn! Ewé o, oògùn o, inú ajere lẹ ń bu omi sí! Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, kó gbé odindi fámásì mì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní kún!"

Ìyá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ènìyàn?"

"Kí ló yàtọ̀ lára ènìyàn?" Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀.

"Oògùn yẹn ń rìn ín," ni ìyá rẹ̀ wí. "Sandrine. Tó bá ti gbé e mì, èébì. Èmi ni mo ra kalaba fún un, kó máa fi tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àárọ̀ àti alẹ́."

Rachelle fẹ́ sọ pé eku kì í ṣe ènìyàn, pé àìsàn pọ̀, pé èèyàn ò lè mọ̀ dájú.

"Oògùn wo?" ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èyí tí Fréjus rà."

"Ẹ mọ̀ pé ó rà á? Kí ló dé tẹ́ ò fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú?"

"Ìwọ lo kàwé. O ní oògùn ì bá gbà á là. Sandrine lò ó, ó ṣì kú, mo wá rò pé ayédèrú ni Fréjus rà."

Rachelle jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìtìjú bò ó.

Ìyá rẹ̀ tún ìró ró. "Dìde, ká lọ bá Fréjus ní abúlé rẹ̀ ní Tré."

"Kí la fẹ́ sọ fún un?"

"Ìwọ á bẹ̀ ẹ́ fún ohun tó o pè é. Èmi á fi ẹni tó pa ìyàwó rẹ̀ hàn án."