Ẹni Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Gbé Tíì Fún

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń po tíì nílé iṣẹ́ ọṣẹ wa. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n tíì ti kọ́ mi ní nǹkan kan. Bí mo bá gbé tíréè wọ yàrá máníjà, n kì í wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ojú máníjà ni mo máa ń wò. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá kọ́kọ́ yà sí, òun ni mo máa kọ́kọ́ gbé ife fún, torí òun ni ọ̀gá nínú yàrá yẹn lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Èmi náà ò sì sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún Ìyá Ìbejì tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀. Ìdérí irin ló yẹ kó wà lórí abẹ ẹ̀rọ náà. Ìdérí ò sí níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n. Òun ló tú ìdérí yẹn kúrò, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n máníjà ló ní kó tú u, pé ìdérí ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pé ọjà ti pẹ́. Ó kọ ọ́ síwèé, ó sì fọwọ́ sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti tú àpótí irinṣẹ́ àbúrò mi dà sílẹ̀, wọ́n ń wá ìwé náà. Wọn ò rí i. Ó ti wà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ o," ó ti wí bẹ́ẹ̀ nígbà tó fi í lé mi lọ́wọ́. "Bí ìwé yìí bá sọnù, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ."

Abẹ́ agolo ṣúgà ni mo fi í sí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní ṣúgà, àyà mi á já.

Ọjọ́ Ajé, aago méjìlá ọ̀sán, ni wọ́n ní àwọn máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀, Bàbá Géètì wọ ilé ìdáná mi wá mu tíì, bó ṣe máa ń ṣe kó tó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Oní-tíì, ṣúgà yìí mà ti lọ sílẹ̀ o. Àbí ẹ ti gba èèrà síṣẹ́ ni?"

Ó nawọ́ sí agolo. Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù.

"Baba, eyín mélòó ló kù lẹ́nu yín tí ẹ tún ń wá ṣúgà kiri?"

"Méjì ni. Wọ́n ń jà ni mo ṣe fẹ́ fi ṣúgà bẹ̀ wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fa agolo sọ́dọ̀ mi.

Bàbá yìí kì í ka dírẹ́bà sí èèyàn. Ẹni tó bá gbé mọ́tò dé á fọn fèrè títí kó tó dìde, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló sì máa ṣí, kí onítọ̀hún máa fún ara ẹ̀ gbà á kọjá. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn yọjú lójú fèrèsé, ó gbé ife kalẹ̀, ló bá sáré. Kí mọ́tò náà tó dé iwájú géètì, ó ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì gbàgà. Ó tún ti ṣí fìlà.

Mọ́tò ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ni. Ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ò sí nínú ẹ̀, n kò rí onítọ̀hún rí látijọ́ tí mo ti débẹ̀. Dírẹ́bà ẹ̀ nìkan ló sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

Mo gbé ife méjì wọ yàrá máníjà, ti máníjà àti ti akọ̀wé ẹ̀. Ilé ìdáná ni dírẹ́bà ti ń mu tiẹ̀, nínú kọ́ọ̀pù irin. Àṣé dírẹ́bà ti jókòó. Akọ̀wé, ọmọbìnrin tó jẹ́ pé "ìwọ yìí" ló ń pe gbogbo dírẹ́bà, ti dìde kúrò lórí àga fún un. Máníjà náà wà lórí ìdúró, ó ń nu àtẹ́lẹwọ́ sára ṣòkòtò.

Mo wo ojú ẹ̀. Ojú ẹ̀ yà sí dírẹ́bà.

Mo gbé ife fún dírẹ́bà. Tíì dà díẹ̀ sínú àwo.

"Wọ́n ń béèrè nílé," dírẹ́bà wí. Ohùn ẹ̀ ò ga.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé yóò parí lónìí, sà," máníjà dáhùn.

Sà ni o. Máníjà ló ń pe dírẹ́bà ní sà.

Mo padà sí ilé ìdáná, mo di etí tábìlì mú. Láti Ẹtì ni mo ti ń ro ẹni tí màá gbé ìwé náà lọ bá. Mo ti fẹ́ lọ bẹ máníjà fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Máníjà tí òun alára ń wárí fún dírẹ́bà? Ẹni tí máníjà ń bẹ̀rù ló lè gbà wá. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rò pé mo ti ríran.

Kò pẹ́ tí dírẹ́bà fúnra ẹ̀ yọ sí mi, ó ní òun fẹ́ fọwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì?"

"Èmi ni, sà."

"Àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Ẹni tí kò sẹ́ni tó máa gbèjà ẹ̀."

Gbólóhùn yẹn ló tú mi palẹ̀. Mo gbé agolo sókè, mo yọ ìwé náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ gbẹ. Ó kà á, ó tún un kà, ó ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà.

"Ẹlòmíì ti rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, sà."

"Ó dáa. Ẹ ti ṣe bí àgbà."

Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Aago méjìlá lù. Wọ́n ní kí n gbé tíì wá. Dírẹ́bà wà lẹ́bàá fèrèsé, akọ̀wé ń kọ̀wé, ọlọ́pàá kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi wà láàárín yàrá, ó ká fìlà ẹ̀ mọ́wọ́.

"Ta ló ní kí o tú ìdérí?" máníjà bi í.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ kọ ọ́ síwèé."

"Ìwé dà?"

Kò bẹ̀rù. Ó yíjú sí mi, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó wà lọ́wọ́ àǹtí mi."

Gbogbo wọn wò mí. Èmi wo dírẹ́bà. Mò ń retí kó ki ọwọ́ bàpò. Ó ń ro tíì ẹ̀ po ni, ṣíbí ń dún lára ife. Ó gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ilẹ̀kùn tó mọ̀ pé òun ti tì. Ìgbà náà ni mo bi ara mi ní ohun tó yẹ kí n ti bi ara mi láàárọ̀: bí máníjà bá ń bẹ̀rù ilé tí ọkùnrin yìí ti wá, ta ló ń lé máníjà pé kí iṣẹ́ yá?

"Ìyá Oní-tíì, ẹ dá wa lóhùn."

Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé tó ń wojú mi. Ọlọ́pàá sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí lọ́wọ́ mi, sà."

Òótọ́ ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí n tún sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Àǹtí mi?" àbúrò mi wí. Nígbà tí ọlọ́pàá dì í mú, ó tún un sọ, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ti yí padà. Kò pariwo. Ó ń pè mí bó ṣe máa ń pè mí ní kékeré tí ìbà bá mú un.

Dírẹ́bà gbé ife kalẹ̀. "Ìyá yìí, ẹni wa ni," ó wí fún máníjà. "Kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu."

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ yà ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò mi. Wọ́n ní ó ní òun ò jẹ ẹ́. Mo rìn dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ náà lọ́wọ́. Bàbá Géètì rí mi lókèèrè. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì fún èmi tí mo fẹsẹ̀ rìn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Mo dúró kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúró pẹ́. Fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò.

Mo po tíì, mo gbé ife méjì wọ yàrá máníjà. Mo wo ojú ẹ̀ bí mo ṣe máa ń wò ó. Ojú ẹ̀ yà sí mi.

Akọ̀wé ti dìde. Ó gba tíréè lọ́wọ́ mi, ó fa àga ẹ̀ fún mi, ó sì ṣí agolo.

"Ṣúgà mélòó, mà?"